Àdúgbò Inú Orí Màmá

Àìsàn ló mú ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu Màmá. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ń padà bọ̀ wálé, èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo lé e sẹ́yìn, mo sì rò pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe. N ó sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí àwọn ẹbí tó ń pè mí ní ọmọ gidi títí di òní, wọn ò mọ ìdajì rẹ̀.

Ìyá tó bí ìyá mi ni mò ń pè ní Màmá. Ìwàrà ni ilé wọn wà, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kò jìnnà sí Iléṣà. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré, Màmá ló tọ́ mi títí bàbá mi fi wá mú mi lọ sí Òṣogbo pé kí n lọ kàwé. Ìwé náà ò kúkú lọ jìnnà. Mo fi girama sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, mo kọ́ṣẹ́ awakọ̀, mo sì ń fi ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ná Old Garage Òṣogbo sí Iléṣà. Òṣogbo di ilé mi, ẹnu Òṣogbo sì di ẹnu mi. Bí mo bá lọ kí Màmá, Yorùbá tí èmi gbọ́ ni wọ́n máa ń bá mi sọ. Ìjẹ̀ṣà tó jinlẹ̀ di ti àwọn àti ẹgbẹ́ wọn.

Obì ni Màmá ń ṣe. Wọ́n á rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á bó o, wọ́n á ṣà á. Èyí tí kòkòrò ti lu, wọ́n á yọ ọ́ sọ́tọ̀. Èyí tó dára, wọ́n á tò ó sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé gbòdògì tẹ́, títí àwọn oníbàárà òkè Ọya á fi dé. Ẹnì kan ló máa ń bá wọn ṣà á, ìyá àgbàlagbà kan tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa. Orogún ni àwọn méjèèjì ń pe ara wọn. Wọn ò jọ fẹ́ ọkọ rí o. Ọkùnrin kan ló ń fi àwọn méjèèjì ṣeré nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Ọjọ́ tí àṣírí tú, àwọn méjèèjì kọ̀ ọ́ sílẹ̀, wọ́n bá di ọ̀rẹ́. Láti ìgbà náà, èébú ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Bí ẹ bá ń kọjá nírọ̀lẹ́, ẹ ó gbọ́ wọn níwájú ilé:

“Orogún, ojú ẹ ti fọ́ o. Wo ihò lára èyí tó o jù síbí.”

“Ojú tèmi ló fọ́? Ìwọ tó o kí ewúrẹ́ kú àbọ̀ lánàá?”

“Ewúrẹ́ náà dá mi lóhùn. Ó mọ̀wé jù ẹ́ lọ.”

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí kọ́ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń sọ, ọwọ́ mi ni kò lè kọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìjà gidi ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. Orogún Màmá ní Màmá ti da obì tó ti ní kòkòrò pọ̀ mọ́ tòun. Màmá ní irọ́ ni. Ohùn lọ sókè, ìyá náà gbé apẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n sọdá lọ sílé láìdágbére. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá kan náà yìí ló tètè jí, tó wá kí Màmá kí ìjà àná má baà di ti òní, òun ló sì bá Màmá nílẹ̀ yàrá, tí ẹnu ti wọ́, tí ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò mira. Igbe tí ìyá náà ké ló kó àdúgbò jọ. Bí kì í bá ṣe igbe yẹn ni, òkú ni à bá bá.

Wọ́n gbé Màmá lọ sí ọsibítù ní Iléṣà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ kò dé ibì kan nínú ọpọlọ, ibẹ̀ sì ti kú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá wa sílẹ̀, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sinmi dáadáa o.” Mo dá mọ́tò padà fún ọlọ́kọ̀, mo kó ẹrù mi lọ sí Ìwàrà. Èmi nìkan ló lè dúró. Àwọn àbúrò ìyá mi wà lẹ́nu iṣẹ́ nílùú òkèèrè, tẹlifóònù ni wọ́n fi ń tọ́jú.

Ọ̀rọ̀ “sinmi” yẹn ni mo gbá mú. Ní gáréèjì, gbogbo wa la gbà pé ohun gbogbo lára ènìyàn ló ń hù padà, irun, èékánná, awọ, àfi ọpọlọ. Èyí tó bá kú níbẹ̀ ti kú nìyẹn. Mo wá ka èyí tó ṣẹ́kù lórí Màmá sí ẹyin tí kò gbọdọ̀ já bọ́. Mo ti fèrèsé. Mo pa rédíò. Mo lé àwọn ọmọdé tó ń ṣeré níwájú ilé. Ọwọ́ òsì wọn ṣì dá ṣáṣá, síbẹ̀ èmi ni mò ń fi ṣíbí bọ́ wọn, èmi ni mò ń nu ẹnu wọn. Bí wọ́n bá na ọwọ́ sí ife omi, mo ti gbé e dé ẹnu wọn kí ọwọ́ tó débẹ̀.

Orogún wọn nìkan ni mi ò rí lé. Ojoojúmọ́ ni ìyá náà ń wá, tàwọn ti ìwọ̀nba obì nínú abọ́, wọ́n á jókòó ti ibùsùn.

“Orogún, o ò kú, o ò sì yè. Ta lo fẹ́ kó máa bá mi ṣà á?”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, dókítà ní kí wọ́n máa sinmi.”

“Sinmi? Ìgbà tó bá kú á sinmi.” Wọn ò tiẹ̀ wò mí. “Ọmọ Òṣogbo, lọ bá mi bu omi wá.”

Ìbínú ń kó jọ sínú mi díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wọlé, mo rí i tí ìyá náà fi obì kan tí kòkòrò ti lu yánnayànna sí ọwọ́ òsì Màmá.

“Èyí dáa, àbí? Ṣé kí n tò ó mọ́ àwọn tó dáa?”

Ojú Màmá le. Òógùn bo iwájú orí wọn. Wọ́n fún obì náà mọ́ ọwọ́, ohùn kan sì jáde láti ọ̀nà ọ̀fun wọn: “Ú... ú...”

“Ó dáa gan-an ni. Irú èyí ò wọ́pọ̀.”

“Ú... úú...” Omijé ń bọ́ lójú Màmá.

Ìkérora ni mo gbọ́. Mo ní ìyá yìí fẹ́ fọ́ ẹyin tí mò ń ṣọ́. Mo di àgbàlagbà mú lápá, èmi tí ọjọ́ orí mi kò tó ti ọmọ wọn àbíkẹ́yìn, mo mú wọn gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde, mo sì pariwo níta pé:

“Ẹ má wọ ilé yìí mọ́! Ṣé ẹ fẹ́ parí iṣẹ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ni?”

Ìjà obì ni mo ní lọ́kàn. Ohun tó wà nínú mi ni pé ìjà ìrọ̀lẹ́ yẹn ló ru ẹ̀jẹ̀ Màmá sókè, ìyá náà tún fẹ́ máa bí Màmá nínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ Yorùbá. Aláìsàn wà lórí ibùsùn. Ìyá arúgbó kan, tí aláìsàn ń pè ní orogún, ń ti inú ilé jáde. Ọmọ ilé dúró níta, ó ń bi í bóyá ó fẹ́ parí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló máa gbọ́ ìyẹn tó máa rò pé obì là ń wí? Obìnrin tó ń ránṣọ lẹ́bàá ọ̀nà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ẹnì kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Mo rí i lójú wọn pé ohun mìíràn ni wọ́n gbọ́. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀: mo rí i, mi ò sì tún un ṣe. Mo rò ó nínú mi pé bí wọ́n bá rò bẹ́ẹ̀, á jẹ́ kí ìyá náà jìnnà sí wa.

Ìyá náà tún gèlè wọn ṣe. Wọ́n ní, “Ó dáa, ọmọ mi.” Wọ́n sọdá.

Ilé wá pa rọ́rọ́ bí mo ṣe fẹ́. Màmá kò sunkún mọ́, wọn ò sì ṣe “ú” mọ́. Mo sọ fún àwọn tó ń pè lórí fóònù pé ara ti ń balẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ojú sí ògiri. Oúnjẹ tí mo bá fi sí wọn lẹ́nu á dúró síbẹ̀. Ọwọ́ òsì tó ń na ara rẹ̀ sí ife tẹ́lẹ̀ kò nà mọ́. Mo máa ń pè wọ́n, wọn ò ní wo ibi tí mo wà. Ẹ̀rù wá bà mí pé àìsàn náà ń jẹ ìyókù lọ.

Nígbà tí a padà lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò, wọ́n ní kí a rí obìnrin kan tó ń kọ́ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ìrìn àti bí wọ́n ṣe ń lo ọwọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú Màmá, ó di ọwọ́ wọn mú, ó ń tẹ àwọn ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá bi mí pé:

“Bọ̀dá, ta ló ń bá màmá sọ̀rọ̀ nílé?”

“Kò sẹ́nì kankan, àǹtí. Mo rí i dájú pé wọ́n ń sinmi.”

“Sinmi báwo?”

Mo ròyìn fèrèsé tí mo tì àti rédíò tí mo pa. Mo ròyìn ṣíbí. Inú mi tiẹ̀ ń dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́, bí ọmọ ilé ìwé tó mọ ìdáhùn. Obìnrin náà kò bú mi. Ó mí kanlẹ̀.

“Oorun dára fún wọn, mo fẹ́ kí wọ́n máa sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ń ṣe yìí kì í ṣe ìsinmi. Àhámọ́ ni.”

Mo ní, “Àǹtí, ọpọlọ tó ti kú ńkọ́? Ṣé ó tún ń hù ni?”

“Èyí tó kú ti kú. Ẹ mọ sẹ́ẹ̀lì?”

“Mo kàwé dé ibẹ̀.”

“Sẹ́ẹ̀lì awọ mọ iṣẹ́ tirẹ̀, ti ẹ̀dọ̀ mọ tirẹ̀. Àwọn kan wà nínú ọpọlọ, tó jẹ́ pé wọn ò tíì yanṣẹ́. Wọ́n lè bí irú ara wọn, èyí tí wọ́n bá bí sì lè dàgbà di sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ gidi. Ìwọ̀nba ni wọ́n. Igun kan báyìí ni wọ́n ń gbé, nítòsí ibi tí omi inú orí ti ń ṣàn. Púpọ̀ nínú wọn ń sùn.”

“Kí ló wá máa ń jí wọn?”

“Àdúgbò wọn.” Ó rí i pé mi ò lóye. “Àwọn tó yí wọn ká. Iṣan ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn. Omi tí mo wí yẹn ń ṣàn kọjá, ó ń jíṣẹ́ fún wọn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn dì wọ́n mú bí alágbàtọ́ ṣe ń di ọmọ mú. Àwọn ará àdúgbò yìí ló ń sọ fún wọn pé ẹ sùn, ẹ jí, ẹ gba ibí lọ. Bí àdúgbò bá dára, èyí tí wọ́n bá bí á rí ibi gbé, á rí ohun tí á máa ṣe. Bí àdúgbò bá bàjẹ́, bí wọ́n tiẹ̀ bí i, kò ní pẹ́ kú.”

Mo bi í pé kí ló ń ba àdúgbò bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àìrìn. Oorun tí kò tó. Àníyàn tó bá pẹ́ lára. Kí ènìyàn máa dá wà láìrí ẹni bá fèsì.

“Mi ò ní parọ́ fún yín o, bọ̀dá. Lára eku ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú rẹ̀ dájú. Ti ènìyàn tó ti dàgbà, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí, bóyá irú wọn tiẹ̀ kù, bóyá wọ́n pọ̀ tó láti ṣe nǹkan. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ máa rí lára màmá, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò kú ló máa kọ́ iṣẹ́ àwọn tó kú. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni gbogbo wọn ń fẹ́. Kí ẹ máa lò wọ́n.”

Èyí yé mi bí awakọ̀. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ṣubú dí títì, inú abúlé là ń gbà kọjá. Bí mọ́tò bá ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ di ọ̀nà. Bí mọ́tò kò bá gbà á, igbó á gbà á padà.

Ó ní, “Kò sí ìgbà kankan tí wọ́n gbìyànjú láti sọ̀rọ̀?”

“Rárá. Ìkérora ni. Wọ́n á máa ṣe ‘ú, ú’.”

“Ìgbà wo ni wọ́n máa ń ṣe é?”

“Nígbà tí ọ̀rẹ́ wọn kan bá ń fi obì tọ́ wọn níjà.”

“Ẹ lọ pè é wá.”

Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé ìyá náà. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bó obì, àwọn nìkan. Tẹ́lẹ̀, ọmọdé kì í wọ́n lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á máa jíṣẹ́, wọ́n á máa gbọ́ àlọ́. Ọmọ kan ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín èèpo obì. Adìẹ wọn nìkan ló rí mi.

“Dìde, ilẹ̀ tutù,” ni wọ́n wí. “Ṣé ó ń jẹun?”

Mo ní kò jẹun. Wọ́n ti dìde kí n tó sọ ọ́ tán, wọ́n bu obì sínú abọ́. Mo ṣáájú lọ sí ọ̀nà iwájú, mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí wọn. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà.

Màmá kọ ojú sí ògiri. Ìyá náà jókòó ti ibùsùn bí ìgbà tí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

“Orogún, o jẹ́ kí wọ́n lé mi. O ò tiẹ̀ lè là wá níjà.” Màmá kò yíjú. “Ó dáa. Mo ti kó gbogbo obì ẹ, èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa, mo ti dà wọ́n pọ̀. Mo sì ti sọ fún oníbàárà pé ìwọ lo dà á pọ̀.”

Ojú Màmá kúrò lára ògiri. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń yí ọlọ. Ìyá náà fi obì oníhò kan sí wọn lọ́wọ́.

“Wò ó. Èyí ni mo fi ṣáájú. Mo ní ohun tí ìwọ ń pè ní obì tó dáa nìyí.”

“Ú...” Òógùn tún yọ. Mo fẹ́ sún mọ́ wọn, ìyá náà na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n dá mi dúró.

“Mo ní ìwọ lo ṣà á. Àbí mo parọ́?”

“Ú... ú... Urọ́!”

Ìyá náà pariwo, wọ́n lu itan wọn. “Ó bú mi! Orogún mi bú mi!” Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, wọ́n fi ìdí ìró nu ojú ara wọn, wọ́n sì fi nu ti Màmá.

“Urọ́,” Màmá tún wí, ó wá mọ́ kedere. “Urọ́ o!”

Irọ́. Ohun tí à ń pè ní irọ́ ní Òṣogbo, urọ́ ni lẹ́nu Ìjẹ̀ṣà. Bí wọ́n ṣe ń pe ilé ní ulé náà nìyẹn. Mo mọ èyí. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní gáréèjì. Ká ní “í, í” ni Màmá ṣe, bóyá ǹ bá ti fura. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni mo gbọ́ lọ́jọ́ tí mo lé ìyá náà jáde, mo sì pè é ní ìkérora. Màmá wà lẹ́nu kí wọ́n sọ̀rọ̀, mo wá gbé ẹni tí wọ́n ń bá sọ ọ́ jù síta.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

Láti ọjọ́ náà, èébú ló ṣáájú àwọn ọ̀rọ̀ yòókù wálé. Ọ̀lẹ. Olójúkòkòrò. Lẹ́yìn náà ni omi, obì, ẹ̀wù. Orúkọ ènìyàn ló pẹ́ jù. Mo ṣí fèrèsé. Mo gbé ṣíbí lé Màmá lọ́wọ́, mo sì jẹ́ kí ẹ̀kọ dà sí wọn láyà. Ìyá náà máa ń fa ọwọ́ ọ̀tún Màmá sínú abọ́ obì, ọwọ́ tí kò mọ nǹkan kan, wọ́n á ní, “Tìẹ náà rèé, má jẹ́ kí ti òsì nìkan máa ṣiṣẹ́, kì í ṣe ẹrú.” Àwọn méjèèjì á wá rìn yí ilé po, ọ̀kan ń wọ́ ẹsẹ̀, èkejì ń kọrin ẹ̀sín sí i. Mi ò mọ̀ bóyá sẹ́ẹ̀lì kan jí nínú orí Màmá, tàbí àwọn àtijọ́ ló kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Obìnrin ọsibítù náà ní òun kò lè mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó lè ṣí orí wò. Ó kàn gbé ọwọ́ Màmá sókè, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o,” ojú ìyá náà tó bá wa lọ ló sì ń wò, kì í ṣe tèmi.

Ohun gbogbo kọ́ ló padà. Ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún ṣì ká kò. Nígbà mìíràn orúkọ ìyá mi tó ti kú ni Màmá fi ń pè mí, mo sì máa ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣa obì, bí ihò bá wà lára rẹ̀, wọ́n á rí i.

Mo ti padà sẹ́nu ọkọ̀ wíwà báyìí. Bí mo bá já èrò sí Iléṣà, mo máa ń yà sí Ìwàrà. Nírọ̀lẹ́, Màmá máa ń jókòó níwájú ilé bíi ti tẹ́lẹ̀, àga kejì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó ń jókòó lórí rẹ̀. Inú yàrá ni orogún wọn ti ń bá wọn ṣà á. Ẹ̀yìnkùlé ni ìyá náà ń gbà wá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà lọ. Obìnrin aránṣọ kò kí wọn mọ́. Àwọn ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́ lẹ́nu wọn, ìyá wọn á pè wọ́n wọlé bí ìyá náà bá yọ sójú títì.

Mo ti bẹ ìyá náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n ní, “Mo ti dárí jì ẹ́, ọmọ mi, gbé e kúrò lọ́kàn.” Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Èmi ti gbọ́. Ṣé èmi nìkan ló gbọ́ ti àkọ́kọ́ ni?”

Màmá ò mọ ohun tí mo sọ níta lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n na ọwọ́ òsì sí àga tó ṣófo. Wọ́n wá ọ̀rọ̀ náà títí, wọ́n sì rí i: “Kí ló dé tí kì í jókòó síbí?” Mo ní bóyá oòrùn ni wọn ò fẹ́. Oòrùn ti wọ̀ nígbà náà.

Mo mọ ohun tó kù fún mi láti ṣe. Kí n dúró lójú títì yẹn nígbà tí gbogbo wọn bá wà níbẹ̀, kí n dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà lórí ọ̀dà, kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ní lọ́kàn, kí n sì sọ pé mo rí i lójú àwọn aládùúgbò lọ́jọ́ náà pé wọ́n ṣì mí gbọ́, mo sì panu mọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń so mí lẹ́sẹ̀. Mo ti kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò wa kò ní ka ibí. Ìta ni mo ti ba orúkọ ìyá náà jẹ́, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti tọrọ àforíjì. Ó ku ìta.